Bí A Ṣe Ń Yan Táyà àti Ìwọ̀n Afẹ́fẹ́ fún Eré Cyclocross Inú Ẹrẹ̀

Bí ẹ bá dé ibi eré cyclocross, ìyẹn eré ìje kẹ̀kẹ́ inú pápá àti inú ẹrẹ̀, lọ́jọ́ tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹ ó gbọ́ ìbéèrè méjì tí àwọn eléré ń bi ara wọn kí wọ́n tó kí ara wọn tán: táyà wo lo gbé wá, èló sì ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀? Ìbéèrè kejì ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í kà sí. Yóò ná owó gidi sórí táyà eléyín gíga, yóò wá fẹ́ ẹ títí yóò fi le bí òkúta, lẹ́yìn náà ni yóò máa yọ̀ kiri bí ẹni tó wọ bàtà pẹlẹbẹ lórí ilẹ̀ tí epo dà sí. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni pé a kọ́kọ́ ń wo irú ẹrẹ̀ tó wà nílẹ̀, a wá ń yan eyín táyà tó bá a mu, lẹ́yìn èyí la ó lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wa lórí afẹ́fẹ́.

Fún ẹni tí kò tíì rí eré yìí rí, ìgbà òtútù ni wọ́n ń sá a, láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án títí dé oṣù Kejì, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálándì sì ni ó ti gbilẹ̀ jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń sá a ní Faransé, ní Britain àti ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jọ kẹ̀kẹ́ eré ojú títì, ṣùgbọ́n inú pápá, inú igbó, orí iyanrìn àti inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gbé e gbà, ibi tí kò bá sì ṣeé gùn, eléré á sọ̀kalẹ̀, á gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, á sì sáré. Ipa ọ̀nà kan kì í sábà gùn ju kìlómítà 3 àti ààbọ̀ lọ, wọ́n á sì máa yí i ká fún nǹkan bíi wákàtí kan. Nítorí pé ojú kan náà ni gbogbo ènìyàn ń tẹ̀, pápá tó jẹ́ koríko tútù lásán ní àárọ̀ lè ti di ẹrọ̀fọ̀ kí ó tó di ọ̀sán, tí ipa táyà á sì ti jinlẹ̀ bíi poro ààrin ebè. Àjọ UCI, tó ń ṣe àkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, kò gba táyà tó fẹ̀ ju mílímítà 33 lọ nínú ìdíje rẹ̀, nítorí náà a kò lè fi táyà gbàǹgbà yanjú ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀. Nínú àwọn eré àdúgbò tí èmi ń sá ní Britain, wọ́n kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀, wọ́n tilẹ̀ máa ń gba kẹ̀kẹ́ orí òkè pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ ka òfin eré tí ẹ fẹ́ lọ kí ẹ tó ra nǹkan.

Èdè wa ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ kíka ilẹ̀, nítorí pé a kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ilẹ̀ tútù. Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni èyí tí omi inú rẹ̀ pọ̀, tó ń ta sókè, tó sì ń ṣàn kúrò lára táyà fúnra rẹ̀. Ó burú lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá tó le jù, nítorí pé omi inú rẹ̀ ń fọ eyín táyà bí ẹ ṣe ń lọ, ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ sì ni ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ bá le, táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ yóò gé ẹrẹ̀ náà kọjá, yóò sì rí ibi tó le tẹ̀ mọ́.

Amọ̀ ni ẹ gbọdọ̀ bẹ̀rù. Nígbà tí òjò bá ti dá, tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi kúrò lára ilẹ̀, ẹrẹ̀ tó jẹ́ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ní wákàtí méjì sẹ́yìn á di ohun tó ń lẹ̀ bí àtè. Á kún ààrin eyín táyà títí táyà á fi dán bíi bọ́ọ̀lù, á gòkè lọ sí ibi tí táyà ti kọjá láàrin irin kẹ̀kẹ́, bí koríko bá sì dara pọ̀ mọ́ ọn, á di bíríkì tí wọ́n po koríko mọ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò sì ní lè yí mọ́. Mo ti rí i tí àwọn eléré gbé kẹ̀kẹ́ sọ́rùn níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú pẹrẹsẹ, kì í ṣe nítorí òkè, bí kò ṣe pé kẹ̀kẹ́ ti kọ̀ láti yí. Nítorí náà, ẹ má ṣe yọ̀ jù bí òjò bá dá ní wákàtí kan ṣáájú eré yín. Ó ṣeé ṣe kí òjò náà ṣe yín lóore ju oòrùn lọ.

Àbàtà ni ibi tí ilẹ̀ ti rì, tí ẹsẹ̀ ń wọlé dé kókósẹ̀. Kò sí táyà tó lè gbà yín níbẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ sáré, kí ẹ sì padà gun kẹ̀kẹ́ níbi tí ilẹ̀ bá ti le.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí a kò ní orúkọ fún nílé, nítorí pé ilẹ̀ wa kì í dì: ilẹ̀ tó di bíi yìnyín lóru, tí ojú rẹ̀ sì ń yọ́ bí ọjọ́ ṣe ń gòkè. Lókè, ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yọ̀ bí ilá. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ líle pẹ̀lú òkúta ẹlẹ́nu mímú. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà ní Bieles, ní Luxembourg, níbi ìdíje àgbáyé ọdún 2017. Táyà Mathieu van der Poel, eléré ọmọ Nẹ́dálándì, jò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́jọ́ náà, Wout van Aert, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, sì gba ipò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ ojú ilẹ̀ ń pe ènìyàn láti dín afẹ́fẹ́ kù, òkúta abẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ ẹni tó bá dín in kù jù níyà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Valkenburg ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ẹrẹ̀ náà jinlẹ̀ débi pé sísáré pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ léjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn ún, van Aert náà ló sì tún borí. Ẹrẹ̀ lorúkọ méjèèjì nínú ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé táyà àti afẹ́fẹ́ ọ̀kan lọ sí èkejì ti ṣìnà.

Kí ẹ tó gbé táyà sí kẹ̀kẹ́, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn yí ipa ọ̀nà náà ká, ẹ má kàn dúró síbi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Ẹ tẹ ẹrẹ̀ náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, kí ẹ sì mi bàtà. Bí ẹrẹ̀ bá kán tótó sílẹ̀, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni. Bí ó bá gòkè pẹ̀lú bàtà tó sì kọ̀ láti jábọ́, amọ̀ ni. Ẹ fi gìgísẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kí ẹ mọ bí ilẹ̀ líle ṣe jìn tó, kí ẹ sì fojú wá gbòǹgbò igi, òkúta àti etí títì tí ipa náà gbà kọjá, nítorí pé ibi kan ṣoṣo tó le lè jẹ́ ibi tí yóò pinnu ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yín fún gbogbo ìyókù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tó ń ṣe táyà cyclocross máa ń pín eyín rẹ̀ sí. Èyí àkọ́kọ́ ní ojú tó rí bí ayùn ìfági, eyín rẹ̀ kò ga rárá. Ti ilẹ̀ gbígbẹ àti iyanrìn nìyẹn, irú iyanrìn etíkun tí wọ́n ń gùn ní Koksijde ní Bẹ́ljíọ̀mù. Èkejì jẹ́ ti àárín méjì, eyín rẹ̀ ga díẹ̀, wọ́n sì tò ó súnmọ́ra. Grifo tí ilé iṣẹ́ Challenge ń ṣe àti Typhoon ti Dugast wà nínú ìwọ̀nyí. Ẹ̀kẹta ni ti ẹrẹ̀ gan-an, tí eyín rẹ̀ ga, tí àyè ààrin wọn sì gbòòrò, bíi Limus ti Challenge, Rhino ti Dugast, àti Terreno Wet ti Vittoria. Àyè ààrin eyín yìí ṣe pàtàkì ju gíga wọn lọ. Eyín gíga ń wọ ilẹ̀ lọ, ó dára, ṣùgbọ́n bí eyín bá súnmọ́ra, amọ̀ á há sáàrin wọn, gíga wọn á sì di asán. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dúró nínú ilé ìtajà, ẹ ti ìka yín bọ àárín eyín méjì. Bí ìka kò bá rí àyè, ẹrẹ̀ náà kò ní rí àyè láti jábọ́.

Ẹ wo eyín ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìṣubú nínú ẹrẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tó tọ́, bí kò ṣe níbi tí a ti ń yí, tàbí níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí a sì ní láti gba ìbàdí òkè náà kọjá, irú èyí tó sọ ipa ọ̀nà Citadel ní Namur di olókìkí ní Bẹ́ljíọ̀mù. Níbẹ̀, eyín ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹ tán tí orí wọn ti ṣe róbótó, táyà náà kò wúlò fún ẹrẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín rẹ̀ ṣì dà bíi tuntun. Ẹ má dà á nù, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ilẹ̀ gbígbẹ tàbí kí ẹ gbé e sẹ́yìn.

Bí owó kò bá tó láti ra méjì, ẹ ra táyà ẹrẹ̀ kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi sí iwájú. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá yọ̀, ẹ ó gbọ̀n jìnnìjìnnì díẹ̀, ẹ ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ti iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ ni ẹ ó bá ara yín. Ní ti ìdojúkọ táyà, ẹ tẹ̀ lé ọfà tó wà lára rẹ̀. Àwọn kan máa ń yí ti ẹ̀yìn padà kí eyín rẹ̀ lè máa wa ilẹ̀ bí ọkọ́; mo ti gbìyànjú rẹ̀, n kò sì rí ìyàtọ̀ tó tó ohun tí ènìyàn ń tú táyà sí.

Bí táyà ṣe di ara ríìmù mú ló ń sọ bí ẹ ṣe lè dín afẹ́fẹ́ kù tó. Táyà onítúùbù ló rọrùn jù láti tún ṣe, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá kéré, gbòǹgbò igi kan á gbá táyà mọ́ ríìmù, ríìmù á sì gé túùbù lójú méjì. Ẹni tó ń lò ó kò rí bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ púpọ̀ sísàlẹ̀ psi 28 (psi ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Tubular, tí wọ́n rán bò túùbù inú rẹ̀ tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ríìmù, ni àwọn ògbóǹtarìgì ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé ríìmù rẹ̀ kò ní etí mímú tó lè gé nǹkan, aṣọ òwú ara rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ó ń tẹ̀ lé ìrísí ilẹ̀. Iṣẹ́ ló wà nídìí rẹ̀: ẹ ó fi gọ́ọ̀mù kun ríìmù àti ìdí táyà ní ìpele ìpele, ẹ ó sì jẹ́ kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó kun òmíràn. Ẹni tó bá kánjú lé e, ẹrẹ̀ á bá a tú u níbi ìyípo. Tubeless, tí kò ní túùbù tí ó sì ní oje rọ́bà tó ń dí ihò nínú, ni mo máa ń gba ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ nímọ̀ràn láti lò. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹ̀gún kékeré kò sì lè dá a dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá kéré jù tí ẹ sì yí pẹ̀lú agbára, etí táyà lè yà kúrò lára ríìmù fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì tú afẹ́fẹ́ jáde gbùù.

Ó ti ṣe mí rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò ju kílò 60 lọ, sọ fún mi láàárọ̀ eré kan pé psi 17 ni òun fi síwájú, ó sì ń gun ibi gbogbo bí ẹni pé ilẹ̀ gbẹ. Èmi tí mo wọn kílò 84 náà fi psi 17 síwájú. Yíyí àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, mo gbọ́ gbùù, mo sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù ipa náà tí mo ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń ti ọmọlanke lọ sọ́jà.

Nítorí náà, ìwúwo yín ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó wọn kílò 70, tó ń lo tubeless oní-mílímítà 33 nínú ẹrẹ̀ tí kò sí òkúta nísàlẹ̀ rẹ̀, psi 20 níwájú àti psi 22 lẹ́yìn jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Ní bar, òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ mìíràn, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 1.4 àti 1.5. Ti ẹ̀yìn máa ń pọ̀ ju ti iwájú lọ díẹ̀ nítorí pé ẹ̀yìn ló ń ru ọ̀pọ̀ ìwúwo. Ẹ fi nǹkan bíi psi 1 kún un fún kílò 5 kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì yọ ọ́ bákan náà bí ẹ bá fúyẹ́. Ẹni tó ń lo tubular lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Gbogbo èyí wà lábẹ́ ohun tí wọ́n tẹ̀ sára táyà àti ríìmù yín. Bí wọ́n bá kọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ dínkù jù bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, ẹ gbọ́ tiwọn, ẹ má gbọ́ tèmi.

Ìdí tí afẹ́fẹ́ kékeré fi ń ṣiṣẹ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti há sínú iyanrìn pẹ̀lú ọkọ̀ rí, tí awakọ̀ sì bọ́ sílẹ̀ láti tú díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà. Táyà tó rọ̀ á tẹ́, eyín púpọ̀ sí i á kan ilẹ̀, dípò kí ó sì máa ta kúrò lórí gbòǹgbò bíi bọ́ọ̀lù, á rọra gbà á mọ́ra. Nínú amọ̀, àǹfààní mìíràn tún wà: táyà tó ń tẹ́ tó sì ń padà sípò ní yíyí kọ̀ọ̀kan ń mi eyín rẹ̀, amọ̀ tó há sáàrin wọn sì ń ya kúrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọ̀ jù, á máa gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ yín níbi ìyípo, ẹ kò sì ní mọ ibi tó dojú kọ.

Láti rí ìwọ̀n tó bá yín mu, ẹ fi psi 3 tàbí 4 kún ibi ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ gun ipa náà ká ní ìyára eré, kì í ṣe ìyára ìgbafẹ́, kí ẹ sì tú psi 1 jáde lẹ́yìn yíyí kọ̀ọ̀kan. Ẹ fetí sí ríìmù. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ rárá, afẹ́fẹ́ ṣì pọ̀. Bí ó bá kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyí kan, níbi tó burú jù, ẹ ti dé ibẹ̀. Bí ó bá ń dún gbà níbi gbogbo, ẹ dá psi 2 padà. Lójú ilẹ̀ Bieles tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, èmi kò ní fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé géèjì ara pọ́ǹpù ńlá. Títí dé psi 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ṣe é fún, nísàlẹ̀ 30 ó lè purọ́ psi 3 láìtijú, psi 3 sì ni gbogbo ohun tí à ń wá níhìn-ín. Ẹ ra géèjì kékeré tí kò kọjá 30, kí ẹ sì máa lo òun nìkan. Bí ti ọ̀rẹ́ yín bá sọ nǹkan mìíràn, kò kàn yín. Ohun tí ẹ nílò ni kí 20 ti ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ 20 ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fífi àtàǹpàkò tẹ táyà bí àwọn fọkanáísà ti ń ṣe wúlò fún mímọ̀ pé nǹkan ti jò, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ 19 àti 21 hàn yín, àgàgà bí òtútù bá ti mú ìka yín kú.

Òtútù fúnra rẹ̀ ń jí afẹ́fẹ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ táyà sí psi 20 nínú ilé tó móoru ní ìwọ̀n 20 ti Celsius, tí ẹ sì gbé e dé pápá tó wà ní ìwọ̀n 5, nǹkan bíi psi 18 ni ẹ ó bá níbẹ̀, láìsí ihò kankan. Ibi eré ni kí ẹ ti wọn ìwọ̀n ìkẹyìn, lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ bá ti wà níta fún bí ìdajì wákàtí.

Bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́ méjì, òfin gbà yín láyè láti pààrọ̀ wọn ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Nínú eré àwọn ògbóǹtarìgì, nígbà tí amọ̀ bá le, wọ́n lè pààrọ̀ ní gbogbo ìdajì yíyí, kí àwọn tó dúró dè wọ́n lè fi omi alágbára fọ èyí tó dọ̀tí kí wọ́n tó tún padà dé. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò bá a fọ kẹ̀kẹ́ lè jẹ àǹfààní mìíràn: kí ó fi psi 2 kún ti kẹ̀kẹ́ kejì, kí ó sì gbé táyà aláàárín méjì sí i. Bí ilẹ̀ bá gbẹ ju bí ó ṣe rò lọ, ọ̀nà àbáyọ wà.

Lẹ́yìn eré, ẹ fọ táyà kí amọ̀ tó gbẹ, ẹ má sì doju omi alágbára kọ ẹ̀gbẹ́ tubular, nítorí pé omi tó wọ inú aṣọ òwú rẹ̀ máa ń mú un jẹrà, ó sì ń ba gọ́ọ̀mù jẹ́. Ẹ gbé e kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kí ẹ tó gbàgbé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: irú ẹrẹ̀ tí ẹ bá, táyà tí ẹ lò, psi iwájú àti ti ẹ̀yìn, àti iye ìgbà tí ríìmù kan ilẹ̀. Ní ti tubeless, oje inú rẹ̀ máa ń gbẹ láàrin oṣù díẹ̀. Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú eré tó kàn, ẹ yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ gbé e sétí, kí ẹ sì mì ín. Bí ẹ kò bá gbọ́ kí omi ró nínú rẹ̀, ẹ bu oje tuntun sí i.